Ìyá Mi Ni Mo Fi Ń Dán Fóònù Wò

Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù kì í parí nígbà tí iná bá tàn lójú ẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́mà rò bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí iná báyìí, wọ́n á na ọwọ́. Màá ní kí wọ́n ní sùúrù. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi pe ẹnì kan ná, kí ẹni yẹn gbọ́ ọ, kí ìwọ náà gbọ́ ọ, kó tó dá ọ lójú pé ẹnu fóònù ń ṣiṣẹ́, etí ẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin tá a jọ jókòó ní ìlà wa ní Durumi, ní Àbújá, ara wọn ni wọ́n máa ń pè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò rẹ́ni pè nínú wọn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lórí mi tí mi ò ní láti wò níbì kankan, nọ́ńbà ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màá tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù, màá sì tẹ̀ ẹ́.

"Ta nì yẹn?"

"Èmi ni, Màámi. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ ketekete."

"Ṣé ohùn mi ò já?"

"Kò já. Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, mà. Kọ́sítọ́mà wà lórí ìdúró. Ó dàbọ̀, mà."

Ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, mo lè pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ìyá yòókù, ọmọ wọn ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má gbé nọ́ńbà tí wọn ò bá mọ̀, torí àwọn gbájúẹ̀. Ìyá tèmi ò lè má gbé e, torí ó lè jẹ́ èmi. Mo sì máa ń fi yangàn. Màá ní, ta ló tún ń pe ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ nínú gbogbo àwọn tó kúrò nílùú? Mo ka ara mi sí ọmọ gidi. Ojú ìyá mi ń lọ ní gbogbo àsìkò yẹn, mò ń bi wọ́n léèrè ohùn, mi ò sì mọ̀.

*

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Àbújá o. Mọ́tò ló gbé mi wá, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ní háà ni àárọ̀ ọjọ́ kejì. Yàrá kan ni mo gbà ní Nyanya, nínú ilé tí èrò kún fọ́fọ́. Mo jí, mo jáde, mo rí ìyá àgbà kan tó ń fọ abọ́ níwájú ilé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìyá náà sún sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ó rò pé nǹkan mi ló bọ́ tí mò ń wá. Ó tiẹ̀ bá mi wá a díẹ̀. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo wọlé padà. Ojú tì mí títí mo fi dé ibi iṣẹ́.

Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tí òjò bá fẹ́ pa aṣọ mi lórí okùn, wọ́n á bá mi ká a wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n á fi sẹ́nu ọ̀nà ni, wọ́n á lọ. Ní ilé tiwa, ẹni tó bá bá ẹ ká aṣọ, á jókòó, á ní kí o bu omi fún òun, á sọ ti ọmọ rẹ̀ tó ń ya pòkíì fún ẹ, ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú.

Ní ibi iṣẹ́, Bayarabiya ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn obìnrin Yorùbá. "Sànnu, Bayarabiya," ni Màlámù Sani máa ń wí láràárọ̀. Òun ló jókòó tì mí, ọmọ Kánò tó ń pààrọ̀ ojú fóònù. Èmi náà á ní, "Yauwa, sànnu." Kò sí ẹni tó fi burúkú pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tó máa ń wu èèyàn kí wọ́n pe òun lórúkọ.

Àwọn kọ́sítọ́mà ńkọ́? Wọ́n á dé, wọ́n á wò mí, wọ́n á wo ẹ̀yìn mi. "Ọ̀gá dà?" Màá ní, "Òun lẹ̀ ń wò yìí." Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé fóònù wọn kọjá lọ bá Sani. Sani á ṣí i, á wò ó, á rí i pé bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ló bàjẹ́, kì í ṣe ojú, á sì nawọ́ gbé e fún mi níṣojú wọn. Ọdún méje ni mo fi kọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ọ̀gá mi nílé kí n tó gba òmìnira. Irin gbígbóná tí a fi ń jó òjé mọ́ bọ́ọ̀dù, ó ti jó mi lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ìlábẹ̀ mi ò fi mọ iná mọ́. Ẹ wá ní ọ̀gá dà.

Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ìlú wa ń ṣèpàdé, mo lọ. Lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bi mí ní agbo ilé wa, mo sọ. Wọ́n ní ọkọ mi dà, mo ní mi ò ní. Wọ́n ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo ní mò ń tún fóònù ṣe, ni ìyá kan bá yọ fóònù mẹ́ta jáde nínú báàgì. Mo tún wọn ṣe. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ọjọ́ míì, láti ìgbà tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì ní Nyanya láàárọ̀ títí màá fi padà, gbogbo Yorùbá tó jáde lẹ́nu mi ò ní ju "Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi" lọ. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Tèmi ò tiẹ̀ dùn, mi ò sì relé. Ẹnu ni mo fi kó bá ara mi: nígbà tí mò ń lọ, mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọn ò ní rí mi àfi tí mo bá di ẹni ńlá. Ta ló wá rán mi níṣẹ́ ẹnu?

*

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe aláìmoore, ọjọ́ ayọ̀ wà.

Dírẹ́bà kan gbé fóònù ọ̀gá ẹ̀ obìnrin wá láti Maitama. Omi ló wọ̀ ọ́. Èèyàn mẹ́ta ti tú u, wọ́n ti tò ó padà, skúrù méjì ti sọnù nínú ẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Nígbà tó tàn, Sani lu tábìlì, ó ní, "Kai!" Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n rán mọ́tò wá gbé mi pé kí n wá tún àwọn tó kù ṣe nínú ilé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé Maitama, mi ò rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Títì lọ láti ibí dé ọ̀hún, igi, òdòdó, géètì, kò sí ọmọ aráyé kan. Lórí bẹ́ǹṣì àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì ni mo ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo parí, obìnrin náà jáde fúnra ẹ̀, ó sì pè mí ní Ẹnjiníà. Ó dùn mọ́ mi. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, mo pe ìyá mi.

"Níbo lo wà? Ibẹ̀ dákẹ́."

"Maitama ni, mà. Ibi tí àwọn mínísítà ń gbé."

"Wọ́n fún ẹ lóúnjẹ?"

"Rárá, mà."

"Kí wá ni wọ́n ń fi mínísítà ṣe?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí n sọ fún wọn nípa koríko tí wọ́n gé tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kí n sọ pé wọ́n pe ọmọ wọn ní Ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti na ọwọ́ síwájú mi. Mo ní, "Ó dàbọ̀, mà."

*

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì padà wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìbínú. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti tún fóònù òun ṣe, ìyá kan ń pe òun, á máa sọ Yorùbá, òun ò sì gbọ́ Yorùbá. Ó pe òun nínú ìpàdé, ó pe òun níbi oúnjẹ. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Obìnrin kan ti sọ irú ẹ̀ ṣáájú, mo fi ṣẹ̀rín.

Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ ọmọkùnrin náà, mo gba fóònù ẹ̀, mo sì pe ìyá mi níbẹ̀, lójú ẹ̀, kó lè mọ̀ pé mo bá wọn wí.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ̀ ń pe àwọn kọ́sítọ́mà mi? Ṣé ẹ fẹ́ lé wọn fún mi ni?"

"Má bínú. Ọwọ́ mi ló ṣì í tẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi, mà. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe níbí."

"Mo ti gbọ́. Má bínú, ọmọ mi."

Ìyá mi ló ń bẹ̀ mí o. Ó ṣì ń ta mí lára títí di òní tí mò ń sọ ọ́ yìí.

*

Bàbá arúgbó kan wà tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìjọsìn tó wà ní Durumi níbẹ̀. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ará Kábà ni wọ́n. Mo ti bá wọn tún ibi tí wọ́n ń ki ṣájà sí ṣe, mo sì ti pe ìyá mi lórí ẹ̀ bí mo ṣe ń pè wọ́n lórí ti gbogbo ayé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n padà wá.

"Òkun o, Ẹnjiníà." Bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kábà nìyẹn.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ó tún ti kọ̀ ni?"

"Fóònù ò ṣe nǹkan kan." Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì. "Ìyá rẹ ń pè mí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mo ti kìlọ̀ fún wọn."

"Ìkìlọ̀ kí ni? Ta ló ní inú ń bí mi? Ọmọ-ọmọ mẹ́rin ló wà nílé tí mò ń gbé, tí mo bá bá wọn sọ èdè wa, wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. Tí ìyá rẹ bá pè, ara mi máa ń yá gágá. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ." Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n tún dé e. "Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Mo sì ṣèlérí. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin gbé e káàkiri, kò jẹ́ kí n sinmi. Ìyá rẹ ò ríran mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìyá mi tó ń gbé fóònù mi lójoojúmọ́?"

"Gbígbé ò gba ojú. Bọ́tìnì tí a fi ń gbé e, ìka mọ̀ ọ́n. Pípè ló gba ojú. Tó bá fẹ́ pè ẹ́, kò rí orúkọ rẹ wá nínú fóònù. Bọ́tìnì kan náà ló máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fóònù á sì pe ẹni tó pè é kẹ́yìn. Ìwọ ló ń wá. Àwa kọ́sítọ́mà rẹ ló ń bá."

Irin tó wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e sílẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí. Sani ló bá mi mú un kúrò lórí aṣọ tábìlì.

Bàbá ní nọ́ọ̀sì kan ti yẹ ojú náà wò, ó ní ti òsì ti lọ, ti ọ̀tún, òjìji ló kù tó ń rí, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú, kí ẹnì kan sì bá a lọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ìyá mi ò sọ fún mi. Bàbá wo ilẹ̀. "Ó ní nígbàkigbà tí o bá pe òun, kọ́sítọ́mà máa ń dúró."

*

Mo mú fóònù tèmi jáde. Kí n tó kúrò nílé, èmi fúnra mi ló kọ orúkọ mi sínú fóònù ìyá mi ní lẹ́tà gàdàgbà, mo sì kọ́ wọn títí wọ́n fi dá a mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, tí mo bá pè wọ́n, kí n tó lanu, wọ́n á ti ní, "Ọmọ mi!" Mo gbìyànjú kí n rántí ìgbà tí mo pè wọ́n kẹ́yìn lórí fóònù ara mi. Mi ò rántí. Kí ni mo tún fẹ́ fi fóònù ara mi pè wọ́n fún, nígbà tí mò ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́?

Ó dún. Wọ́n gbé e.

"Ta nì yẹn?"

Orúkọ mi ló wà lójú fóònù lọ́wọ́ wọn yẹn o.

"Ta nì yẹn? Mò ń gbọ́ ẹ o. Kò já. Sọ fún wọn pé ó ti dára."

"Màámi," mo ní, "ojú yín ńkọ́?"

Mo gbọ́ ohùn adìẹ lẹ́yìn wọn.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ dá mi lóhùn, mà."

"Ojú àgbà ni. Ṣé kọ́sítọ́mà ò dúró ni?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni níbí, mà."

"Hẹn-ẹ́n." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé èéfín ni."

Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, bí wọ́n ṣe ń ka ìṣísẹ̀ lọ sí ilé ìwẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá àwọn ayálégbé mọ̀ nípa ìró bàtà. Èmi nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí tó yè, bàbá mi ti kú. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ láìsọ̀rọ̀, omi ń dà lójú mi sórí bọ́ọ̀dù fóònù kọ́sítọ́mà tó wà níwájú mi.

Mo ní, "Mò ń bọ̀, mà." Wọ́n ní iṣẹ́ mi ńkọ́, wọ́n ní ẹni tó ni ilẹ̀ tí mo jókòó sí á gbé e fún ẹlòmíì. Mo ní kó gbé e.

Sani gbọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀, ó sì róye ìyókù. "Uwa ce," ló ní. Ìyá mà ni. Ó kó gbogbo fóònù tó wà níwájú mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní òun á jókòó sí tábìlì méjèèjì títí màá fi dé. Ó mú páálí kan, ó fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ni àyè náà ń bọ̀. Ló bá gbójú sókè, ó bi mí lórúkọ mi. Ọdún mẹ́rin tá a ti jókòó tira wa nìyẹn.

*

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu ọ̀nà ni mo bá ìyá mi, lórí àpótí. Mo kúnlẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ibòmíì. Àfi ìgbà tí mo kí wọn tán ni wọ́n tó yíjú sí mi, ọwọ́ wọn ń wá orí mi nínú afẹ́fẹ́. Mo gbé orí mi sábẹ́ ẹ̀. Àpá iná wà lẹ́yìn ọwọ́ náà. Èmi yìí, mo ti fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wá ibi tí omi ti jẹ bọ́ọ̀dù tí ò tó èékánná rí, mo rí i, mo ṣe é. Ìyá mi fọ́jú tán, mo ní ṣé ohùn mi ò já.

Nílé ìwòsàn, dókítà wo ojú òsì fún ìgbà díẹ̀ péré. Ti ọ̀tún ló pẹ́ lórí ẹ̀. Ó mú mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òsì ò ní padà mọ́, pé ká ní a ti gbé wọn wá lọ́dún tó kọjá ni, à bá rí i gbà. Ó ní ọ̀tún ṣì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òun ò lè búra. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi. Àṣé wọ́n ti gbọ́. Etí wọn ti di mẹ́rin látìgbà tí ojú ti ń lọ. Wọ́n ní, "Kí wọ́n ṣe ọ̀kan náà. Tó bá jẹ́, ó jẹ́. Tí kò bá jẹ́, mo ti mọ ọ̀nà ilé ìwẹ̀."

Mo bínú sí wọn nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo bínú sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé wọn wọlé lọ fún iṣẹ́ abẹ, mo jókòó síta, mo bẹ Ọlọ́run pẹ̀lú gbogbo orúkọ rẹ̀ tí mo mọ̀.

Ọjọ́ kejì, ọ̀sán ti pọ́n, nọ́ọ̀sì wá tú bándéèjì. Ó ní kí wọ́n rọra la ojú. Wọ́n là á. Wọ́n wo ògiri. Wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n ní, "O pupa." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alháámúdùlíláì." Wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara wọn níbi tí iná ti jó o. Lẹ́yìn náà wọ́n wá wò mí.

Mo ti múra ẹkún ayọ̀ sílẹ̀. Mò ń retí kí wọ́n ṣàdúrà fún mi bí ìyá ṣe máa ń ṣe. Wọn ò ṣàdúrà. Wọ́n wo iwájú orí mi, wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n wo ojú mi, ó pẹ́. Nọ́ọ̀sì ti jáde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ ní Àbújá yẹn?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ dárúkọ Sani, mo fẹ́ dárúkọ bàbá ará Kábà, mo fẹ́ ní àwa ọmọ ìlú ń ṣèpàdé. Ṣùgbọ́n ojú yẹn wà lára mi, ọ̀kan ṣoṣo tó kù.

"Ẹ̀yin, mà."

"Lẹ́yìn èmi ńkọ́?"

Wọ́n sún sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo.

"Jókòó síbí," ni wọ́n wí. "Máa sọ̀rọ̀."

Mo jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá àgbà tí mo kúnlẹ̀ kí ní Nyanya, tó bá mi wá nǹkan tí kò sọnù.